Mo Ti Bá Ọ Gba Ìtọ́jú Náà, Ó Ku Ìwọ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ara rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé tí o ń gbé àti àwọn tí ẹ jọ ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? Mo gbàgbọ́ pé o wà dáadáa lágbára Ọlọ́run, bí o kò bá sì wà dáadáa, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé yìí. Olúwa tó mú ọ dé ìlú ńlá yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ilẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ibi tí o bá wọlé sí, ẹ̀rín ni wọn yóò fi kí ọ káàbọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó dúró sẹ́yìn mi níbí, ó ń wo gbogbo ohun tí mo ń kọ, ó sì ti ní mò ń kọ lẹ́tà ńláńlá jù, pé bébà yóò tán kí n tó dórí ọ̀rọ̀.

Àwa náà wà. Òjò jò wọ ilé ìdáná, mo kan páànù tuntun síbẹ̀, kò jò níbẹ̀ mọ́, ibòmíràn ló ti wá ń jò báyìí. Àbúrò rẹ ti rí iṣẹ́ awakọ̀ ní ilé búrẹ́dì, ó máa ń gbé èyí tó bá fọ́ wálé, ìyá rẹ sì ní ó jọ pé ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sáré níbi tí títì bá ti bà jẹ́. Fóònù tí o rà fún wa wà ní àlàáfíà. Mo gba àpò fún un lọ́wọ́ télọ̀, mo sì máa ń pa á kí ó lè sinmi, nítorí ẹ̀rọ tí kì í sinmi kì í pẹ́ láyé. Bí o bá pè wá tí kò dún, má ṣe rò pé inú ń bí wa, oorun ló ń sùn. Báńkì mi kọ̀wé sórí rẹ̀ láìpẹ́ yìí, wọ́n ní àwọn bá mi yọ̀ fún ọjọ́ ìbí mi. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí nínú ilé yìí kò sẹ́ni tó rántí. Mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní ẹ̀rọ ni ó kí mi, kì í ṣe èèyàn. Mo ní kí wọ́n bá mi kí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì bi í lọ́jọ́ ìbí tirẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó. Lọ́jọ́ tí o bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, ó ti tẹ ibi tí ohùn ń gbà jáde síta láìmọ̀, gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbọ́ níbi tí mo ti ń fá pákó. O ní bí o bá ti wọ inú lífíìtì ibi iṣẹ́ yín, àyà rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ọ́, á sì máa ṣe ọ́ bíi pé o fẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń lé ọ. O ní àtẹ̀gùn ni o ń gùn lójoojúmọ́ báyìí, o sì ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. O ní dókítà fún ọ lóògùn, o ti ń lò ó bí oṣù kan, kò sí ìyàtọ̀, nítorí náà o máa dà á sínú garawa ìdọ̀tí, o kò ní fojú kan dókítà náà mọ́, bó bá sì yá o máa kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí o gbé fóònù sílẹ̀, ìyá rẹ sunkún. Èmi kò sunkún, ṣùgbọ́n pákó tó wà lọ́wọ́ mi, mo fá a títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi bébà, ẹsẹ̀ àga ló sì yẹ kó jẹ́.

Mo wá ronú. Láti kékeré rẹ, èmi ni mo máa ń dúró fún ọ níbi gbogbo. Èmi ni mo lọ gba èsì ìdánwò rẹ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ wú. Èmi ni mo tò sórí ìlà lọ́jọ́ tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún ilé ìwé gíga. Wọ́n bi mí pé ṣé èmi ni mo fẹ́ wọlé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n má bàa dá mi padà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, o wọlé, o sì jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Mo ní nígbà náà, kí ló dé tí n kò lè bá ọ gba ìtọ́jú? Ìwọ ń ṣiṣẹ́, o kò ráyè, èmi ni mo wà nílé.

Ilé ìwòsàn wa tí o mọ̀, èyí tó ní géètì aláwọ̀ ewé, ti ní nọ́ọ̀sì kan báyìí tó ń wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọdébìnrin ni, ó ń lo jígí ojú. Kì í gún abẹ́rẹ́, kì í di ojú egbò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa tẹ́tí sí àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Mò-ń-gbọ́, nítorí ohun tó máa ń sọ nìyẹn. O lè rojọ́ títí ẹnu yóò fi máa ro ọ́, á kàn ní mò ń gbọ́ yín, bàbá. Mo bi í pé ṣé owó ni wọ́n ń san fún un lórí èyí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi, láti ọdún tí ìyá rẹ ti ń bá mi sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó san nǹkan kan fún mi. (Ìyá rẹ ní kí n pa ìlà yìí rẹ́. N kò ní pa á rẹ́.)

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà béèrè orúkọ, mo dá orúkọ rẹ. Ó wo irùngbọ̀n mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, mo rò ó pé ẹni tó bá dúró fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni náà yóò ṣe sọ ọ́, kí ó má bàa yí padà lójú ọ̀nà. Nítorí náà mo sọ fún un pé ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú ńlá, lókè téńté. Mo ní àyà mi máa ń já nínú lífíìtì. Mo ní ọ̀gá mi obìnrin kì í jẹ́ kí n rímú mí. Mo ní ọmọkùnrin tí a jọ ń ròde kò pè mí mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn náà, fóònù ni mo ti gbọ́ ọ, èmi àti ìwọ ṣì máa jókòó lé e lórí. Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ mi tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́, ó wo ayùn tí mo gbé ti ilẹ̀kùn, ó ní mò ń gbọ́ yín, bàbá.

Ó ní ohun tí a bá sọ nínú yàrá náà kò ní jáde. Mo dìde, mo bá a yẹ ilẹ̀kùn wò, mo rí i pé àlàfo wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ lè gbà jáde dáadáa, mo ní màá mú pákó pẹlẹbẹ wá dí i. Mo sì ṣèlérí fún un pé láti ẹnu tèmi, ọ̀rọ̀ kò ní jáde, àní ìyá àwọn ọmọ mi kò ní gbọ́. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ti ń kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo padà lọ, ó bi mí nípa oògùn. Mo ní funfun ni, mo ní n kò rí ìyàtọ̀, mo sì fẹ́ dà á nù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí n má dá a dúró lójijì o, pé ẹni tó bá jáwọ́ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara rẹ̀ lè dà rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní àwọn kan wà nínú wọn tí kì í tètè ṣiṣẹ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó mọ̀ pé òun lò ó. Ó ní bí ó bá sì ti pẹ́ tó tí nǹkan kò yí padà, dókítà lè fi kún un, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn, nítorí èyí tó bá ara ẹnì kan mu lè má bá ti ẹlòmíràn mu, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń lò ó, kò sì túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní ṣùgbọ́n dókítà kì í ṣe aríran, bí a kò bá padà lọ sọ fún un pé kò ṣiṣẹ́, á rò pé ó ń ṣiṣẹ́ ni. Ó ní ó dára kí a fi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tì í, pé àwọn méjèèjì papọ̀ máa ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ju ẹyọ kan lọ. Mo fi gbogbo rẹ̀ sórí fún ọ, mo ń kà á lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń bọ̀, àwọn tí mo bá pàdé rò pé mò ń gbàdúrà, wọ́n ń ṣe àmín.

Ó tún ní nígbà mìíràn, nǹkan mìíràn nínú ara ló máa ń mú kí àyà máa sáré, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Inú mi dùn sí ìyẹn. Mo na apá. Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà nínú ara rẹ, ṣebí tèmi ni? Èsì ti jáde, yọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ dára. Wọ́n kàn ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ga díẹ̀, kí o dín iyọ̀ kù, kí o sì yé gbé pákó tó wúwo ní ọjọ́ orí rẹ. Jọ̀ọ́, tẹ̀lé ìmọ̀ràn wọn.

Ó bi mí bóyá mò ń mu kọfí. Mo rántí ife ńlá tó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ nínú fọ́tò, mo ní mò ń mu ún gan-an. Ó ní kí n dín in kù, pé ó máa ń mú kí àyà lù kìkìkì. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń dín ohun tí kò mu kù, nítorí náà mo kọ́kọ́ ra kọfí, mo ń mu ún, kí n lè rí nǹkan dín kù. Ọmọ mi, ṣé nǹkan tí ẹ ń mu ní ọ́fíìsì nìyẹn? Mo fá gbogbo pákó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tán. Mo fá ilẹ̀kùn ilé wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀kùn ilé aládùúgbò. Mo ti dín in kù báyìí, ìyá rẹ ló dà á nù.

Àga tí nọ́ọ̀sì yìí ń jókòó lé náà ń mì. Bí ó bá ti ní mò ń gbọ́ yín, àga á dún kẹ̀ẹ́, ó ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní kí ó dìde díẹ̀. Mo gé ẹsẹ̀ kan, ó fì sí ọ̀tún. Mo gé èkejì, ó fì sí òsì. Mo ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá mi obìnrin lọ bí mo ṣe ń gé e, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, n kò purọ́ fún ọ. Nígbà tí àga náà máa dúró tán, ó ti sún mọ́ ilẹ̀, nọ́ọ̀sì jókòó, orúnkún rẹ̀ sì wà ní ìdojúkọ àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní kò burú, bàbá. Mo ti ń kan òmíràn fún un.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ìtọ́jú náà kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ó ní ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kí n máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Kí n kọ́kọ́ máa wo lífíìtì náà láti òkèèrè, lẹ́yìn ìyẹn kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí n tó wá wọ̀ ọ́ kí n sì jáde. Ó ní bí ẹ̀rù bá dé kí n má sá, pé ẹ̀rù máa ń gòkè, bí a bá sì dúró tì í, á tún sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa mí, kí n fà á sínú jẹ́jẹ́, kí n tú u síta jẹ́jẹ́. Ó ní ó dára kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fo ibi tó ti ní díẹ̀díẹ̀, nítorí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìwọ náà sì mọ̀ pé kò sí lífíìtì níbí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo tí a ní, àtẹ̀gùn ló ní, àtẹ̀gùn náà kò sì pé. Mo wá wo wọ́dúróòbù tí télọ̀ ní kí n kàn fún òun, èyí tó fẹ́ máa kó aṣọ àwọn oníbàárà sí. Mo ti kàn án tán, mo ti fi báníìṣì kùn ún, ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù bí ẹ ṣe ń júwe lífíìtì gẹ́lẹ́. Ó ní ilẹ̀kùn, ó ṣókùnkùn nínú, ó sì gba èèyàn kan. Mo wọ̀ ọ́, mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ìkọ́ tuntun tí mo fi sí i, ìta ló wà, ó sì dára débi pé ó há fúnra rẹ̀. Mo yin ara mi nínú òkùnkùn náà.

N kò tíì mí dénú tán tí mo fi gbọ́ ohùn àwọn gìrìpá tí télọ̀ rán wá gbé ẹrù. Wọ́n pè mí títí, wọ́n ní káfíńtà kò sí nílé, wọ́n ní ó yá ẹ jẹ́ ká gbé e. Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n pariwo. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá sá níbi tí ó dé yìí, ìtọ́jú rẹ bà jẹ́ nìyẹn, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo panu mọ́. Wọ́n gbé mi sórí ọmọlanke, wọ́n ń tì mí lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn kò gbé wọ́dúróòbù tó wúwo báyìí rí, ó ní igi tútù ni mo fi kàn án, pé bí mo ṣe máa ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ nìyẹn. Ibẹ̀ nìkan ni ìtọ́jú náà ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Igi tó gbẹ dáadáa ni! Ara mi ni wọ́n ń pè ní igi tútù.

Nígbà tí a kúrò lórí títì ọlọ́dà, wọ́dúróòbù bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Òórùn báníìṣì kún imú mi. Mo ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Àyà mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ó ń lù débi pé mo rò pé àwọn tó wà níta ń gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Òógùn bò mí. Mo rò pé mo máa kú sínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ dájú pé kò sí ohun tó ń pa mí, ilé télọ̀ ni wọ́n ń gbé mi lọ. Gbogbo ohun tí o sọ fún ìyá rẹ ni mo rí níbẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọmọ mi? Ṣé ohun tó ń bá ọ jí lójoojúmọ́ nìyẹn, tí o tún máa ń fi ẹ̀rín sẹ́nu pè wá? Àánú rẹ ṣe mí. Mo sunkún nínú wọ́dúróòbù yẹn, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Ìyá télọ̀ ni ó ṣí i. Àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó sì gbé aṣọ kan lọ́wọ́ tó fẹ́ fi kọ́. Mo kí i pé ẹ kú ilé, mà. Ó ní ẹ ṣeun o, ó sì fi aṣọ náà kọ́ mi lọ́rùn, ó ti yí padà tán kí ó tó wá sí i lọ́kàn pé wọ́dúróòbù kì í kí èèyàn. Igbe tó ké kò mọ ní àdúgbò yẹn. Àwọn gìrìpá sá, èyí tó bú igi mi ló sá ṣáájú. Télọ̀ ní wọ́dúróòbù ni òun san owó rẹ̀, kò sí bàbá nínú àdéhùn àwọn. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ẹ̀rù náà sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Kò sọ̀ kalẹ̀ nínú wọ́dúróòbù ṣá o, ìgbà tí wọ́n fún mi lómi mu ni.

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti délé ṣáájú mi. Wọ́n ti sọ fún ìyá rẹ pé inú wọ́dúróòbù obìnrin kan ni wọ́n ti bá ọkọ rẹ̀, ní ọ̀sán gangan. O sì mọ̀ pé ó ti ń ṣọ́ mi tẹ́lẹ̀, nítorí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ mo máa ń wẹ̀, mo máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀, bí ó bá sì bi mí pé níbo ni mò ń lọ, mo máa ń ní mo ti ṣèlérí pé kò ní jáde lẹ́nu mi. Ó bi mí pé kí ni mò ń wá nínú wọ́dúróòbù télọ̀. Mo ní ìtọ́jú ni. Ó ní ìtọ́jú kí ni. Mo ní n kò lè sọ. Ó gbé oúnjẹ mi fún ajá ẹlòmíràn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, ó tẹ̀ lé mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Mo ti jókòó, mo ti ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọkùnrin mi kò tíì pè, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá rẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn, ó wo nọ́ọ̀sì tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi lórí àga kúkúrú yẹn, ó ní ọmọkùnrin wo ni kò pe bàbá yìí? Gbogbo rẹ̀ tú níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé ìwọ ni mo dúró fún. Nọ́ọ̀sì ní òun ti ń ṣe ìwé tí wọn yóò fi gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá, nítorí òun rò pé káfíńtà kan ló ti gbàgbé ara rẹ̀, tó rò pé òun jẹ́ omidan ní ọ́fíìsì. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti dé ìlú yìí, kò sẹ́ni tó rí eyín rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ jígí ojú rẹ̀ nù. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò ní jáde yẹn, òun ni òfin náà mú, kò mú mi, mo lè sọ tèmi fún ìyàwó mi nígbàkúùgbà. Bí ẹni tí wọ́n tú ẹrù lórí rẹ̀ ni mo rí. Ìyá rẹ jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú níwájú ẹlòmíràn, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa.

Nọ́ọ̀sì wá pa ẹ̀rín tì. Ó ní kò sí bí bàbá ṣe lè gba irú ìtọ́jú yìí fún ọmọ. Ó ní ara rẹ ni oògùn náà wà, ìwọ ni dókítà gbọ́dọ̀ rí, àyà tìrẹ ni kí ó kọ́ bí ẹ̀rù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Inú mi bà jẹ́ púpọ̀. Mo bi í pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí mo ti ń wá ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ńkọ́, wọ́dúróòbù ńkọ́? Ó ní mi ò lè lọ dípò rẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n má bá ọ lọ.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Oògùn yẹn, má dà á nù, máa lò ó bí wọ́n ṣe ní kí o lò ó. Bí o bá ti ka ìwé yìí tán, padà lọ bá dókítà, sọ fún un gbangba pé kò ṣiṣẹ́, kí ẹ jọ wo ohun tó kù láti ṣe, kí o sì bi í níbi tí nọ́ọ̀sì irú tiwa yìí wà ní ìlú yín. Má tijú, èmi tí mo jẹ́ omidan ní iwájú rẹ̀ kò tijú. Iṣẹ́ náà, má tíì fi sílẹ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ti èmi àti ti ìyá rẹ, nítorí ó ní kò sí ibi tí mo tún ń lọ fúnra mi. Mo mọ̀ pé bàbá ló yẹ kí ó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀, ṣùgbọ́n télọ̀ ti yọ nínú owó wọ́dúróòbù, ó ní àlòkù ni kí ó tó dé ọwọ́ òun. Fi díẹ̀ lé e fún báníìṣì ilẹ̀kùn ilé wa tí mo fá. Ìyá rẹ sì ní kí o fi nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn ránṣẹ́, òun kàn fẹ́ kí i ni.

Ọlọ́run yóò fi ọkàn rẹ balẹ̀. Oorun rẹ yóò máa dùn. Ìtọ́jú tí wọ́n bá fún ọ yóò bá ara rẹ mu, ọwọ́ ẹni tó máa tọ́jú rẹ yóò sì mọ́ ọ lára. A ò ní fi ẹkún rí ọ, a ò sì ní gbọ́ ìró rẹ ní búburú. Àmín.

Bí a bá dé, ní ọjọ́ tí kò sí èrò, mú wa lọ síbi lífíìtì náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a máa wò ó láti òkèèrè, a ó sì padà sílé lọ jẹun. Ọjọ́ tí o bá ní ó yá, a ó wọ̀ ọ́. Bí àyà rẹ bá ń já, sọ fún mi, èmi náà yóò sọ tèmi fún ọ, nítorí n kò wọ lífíìtì rí láyé mi, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí gan-an. Màá di ọwọ́ rẹ kan mú. Èkejì ni kí o fi tẹ bọ́tìnnì, nítorí èmi kò mọ èyí tó ń gbéni lọ sókè.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tí kì í ṣe omidan.